Ọgbà Òdòdó Anantalvan: Ìtàn Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ nínú Tẹ́ḿpìlì Híńdù

Ní àwọn tẹ́ḿpìlì ńláńlá gúúsù Íńdíà, iṣẹ́ òdòdó a máa bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń ṣe é yóò ti wẹ̀, wọn yóò sì ti wọ aṣọ tó mọ́, kí wọ́n tó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ òdòdó. Wọn a máa fi okùn tí wọ́n ya lára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ so òdòdó kan mọ́ èkejì, bí a ti í sín ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀ wa, títí tí yóò fi di ẹ̀gbà ọrùn tí àlùfáà yóò gbé kọ́ ère òrìṣà lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbóòórùn òdòdó náà kí ó tó dé iwájú òrìṣà, èyí tó bá sì já bọ́ sílẹ̀ kò yẹ fún un mọ́. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó fẹ́. Ewé bilva ni ti Shiva. Tulasi ni ti Vishnu, ewé olóòórùn dídùn kan tó jẹ́ ìbátan efinrin tí a fi ń se ọbẹ̀.

Àwọn kan ń gba owó iṣẹ́ yìí, àwọn kan sì yọ̀ǹda ara wọn ni. Ìtàn àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bi ara rẹ̀: ta ló ni iṣẹ́ tí a ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà sí ìkẹsàn-án, àwọn akéwì méjìlá tí a ń pè ní Alvar kọ ewì ìyìn fún Vishnu ní èdè Tamil. Méjì nínú wọn jẹ́ olùtọ́jú ọgbà òdòdó. Periyalvar ní ọgbà ní Srivilliputhur, níbi tí ó ti ń so òdòdó fún tẹ́ḿpìlì ìlú náà. Tondaradippodi ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Srirangam. Ìtumọ̀ orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀ ni eruku ẹsẹ̀ àwọn olùfọkànsìn. Nígbà tí ó kọ ewì rẹ̀ tó gùn jù, tí ó ní ẹsẹ 45, ẹ̀gbà ọrùn mímọ́ ni ó pe orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé òdòdó àti ọ̀rọ̀ jẹ́ ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ tí Periyalvar rí he nínú ọgbà ni Andal, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn méjìlá náà. Ìtàn sọ pé kí bàbá rẹ̀ tó gbé ẹ̀gbà òdòdó lọ sí tẹ́ḿpìlì, Andal a máa fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀ wò ní kọ̀rọ̀. Èèwọ̀ gbáà ni! Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i, ẹ̀rù bà á, ó sì so òmíràn. Ṣùgbọ́n òrìṣà fara hàn án lójú àlá, ó ní èyí tí Andal ti wọ̀ ni òun ń fẹ́. Títí di òní, bí wọ́n bá ń ṣe ọdún Brahmotsavam ní Tirumala, wọ́n a máa gbé ẹ̀gbà òdòdó tí a ti fi kọ́ ère Andal lọ́rùn wá láti Srivilliputhur fún Venkateswara, orúkọ tí Vishnu ń jẹ́ níbẹ̀.

Orí òkè ni Tirumala wà, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh òde òní, ibẹ̀ sì ni ìtàn tó ká wa lára jù ti ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ńlá nípa ẹ̀sìn ni Ramanuja, ẹni tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ó gbé ayé láti 1017 sí 1137. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé, lọ́jọ́ kan ní Srirangam, ó ń túmọ̀ ewì kan tó dárúkọ òdòdó òkè Tirumala. Ó béèrè ẹni tí yóò lọ máa gbé ibẹ̀ láti gbin ọgbà kí ó sì máa so òdòdó. Gbogbo ilé dákẹ́. Òtútù pọ̀ lórí òkè náà nígbà náà, ẹranko búburú sì wà nínú igbó rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn kan ṣoṣo, Ananta, ló dìde. Inú Ramanuja dùn, ó ní ọkùnrin ni í ṣe.

Ananta, tí wọ́n wá ń pè ní Anantalvan, kó lọ sórí òkè pẹ̀lú aya rẹ̀. Omi ni ìṣòro àkọ́kọ́, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ adágún. Òun ń fi ọ̀pá irin gbẹ́lẹ̀, aya rẹ̀ sì ń ru erùpẹ̀ lọ dànù, pẹ̀lú oyún nínú. Ọmọdékùnrin kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun ràn wọ́n lọ́wọ́. Ananta kọ̀. Ọmọ náà bá lọ ń pàdé obìnrin náà lọ́nà, ó ń gba ẹrù lórí rẹ̀. Nígbà tí Ananta rí i pé aya òun tètè ń padà, ó wádìí, inú bí i, ó sì sọ ọ̀pá irin lu ọmọ náà. Ó bà á ní àgbọ̀n. Ọmọ náà sá wọ inú tẹ́ḿpìlì, ni àwọn àlùfáà bá rí ẹ̀jẹ̀ lágbọ̀n ère òrìṣà. Kánfọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n sì ń fi kánfọ̀ sí ibẹ̀ títí di òní. Wọ́n gbé ọ̀pá irin kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ńlá tẹ́ḿpìlì, níbi tí àwọn èrò ti ń wò ó.

Ohun méjì ló yẹ kí a kíyè sí. Èkíní ni pé Ananta kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pín nínú iṣẹ́ tí ó fínnúfíndọ̀ gbà; ohun tí ó fẹ́ fi tọrẹ ti di ohun ìní fún un. Èkejì ni ti aya rẹ̀. Ananta ló dìde ní Srirangam, kò sí ibi tí ìtàn tí a ń gbọ́ ti sọ pé ẹnikẹ́ni bi obìnrin náà bóyá ó fẹ́ lọ. Kánfọ̀ ń rán wa létí ọgbẹ́ ọmọ náà lójoojúmọ́. Erùpẹ̀ tí aláboyún rù ńkọ́?

A kò gbọdọ̀ rò pé ọwọ́ ọ̀fẹ́ nìkan ló gbé iṣẹ́ òdòdó ró. Àwọn àkọlé tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri òkúta tẹ́ḿpìlì láyé àwọn ọba Chola fi hàn pé àwọn ènìyàn a máa ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọgbà òdòdó, nandavanam, kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ àti àwọn tó ń so òdòdó lè máa jẹun nínú èrè ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àǹfààní láti yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí ìdílé tí wọ́n kà sí aláìmọ́ kò lè wọ tẹ́ḿpìlì, áńbọ̀sìbọ́sí kí ó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1939 ni A. Vaidyanatha Iyer kó díẹ̀ nínú wọn wọ tẹ́ḿpìlì Meenakshi ní Madurai, tí ariwo sì ta. Òfin ọdún 1947 ló ṣí ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì agbègbè Madras fún gbogbo Híńdù. Ó jọ pé àwọn ará Tirumala ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹjọ́ wà níbẹ̀, nítorí wọ́n ní ìtàn amọ̀kòkò kan, Bhima, tí kò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Amọ̀ ni ó fi mọ òdòdó fún òrìṣà nínú ilé rẹ̀. Ọba Tondaman, tí ń fi òdòdó wúrà bọ, dé tẹ́ḿpìlì, ó sì rí i pé òdòdó amọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ère.

Ní ọdún 2000, àwọn alákòóso tẹ́ḿpìlì Tirumala dá ètò Srivari Seva sílẹ̀ fún àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, ọkùnrin àti obìnrin. Ní 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òdòdó tí a ti lò ṣe tùràrí.

Ọgbà Anantalvan ṣì wà lórí òkè náà. Wọ́n ní Venkateswara àti aya rẹ̀ wá ń jí òdòdó ká níbẹ̀ lóru, láìjẹ́ kí Ananta mọ irú ẹni tí wọ́n í ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ obìnrin náà, ó so ó mọ́ igi, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà sá lọ. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejì tí ọdún Brahmotsavam bá parí, wọ́n a máa gbé ère òrìṣà lọ sí ọgbà náà. Nígbà gbogbo, ọwọ́ ọ̀tún ni a ń fi sí tẹ́ḿpìlì bí a bá ń yí i ká. Lọ́jọ́ yìí, òdìkejì ni wọ́n ń gbà, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni olè òdòdó náà gbà sá.