Ọ̀gbẹ̀rì Nídìí Awo Ilé Ẹjọ́

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn méje tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n ń yan Aláàfin, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ọba. Àwọn baba wa mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tí oyè kàn jẹ́ ẹni tí yóò máa pín oyè. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ìtàn bí Ìpínlẹ̀ Missouri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe mú ará ìlú tí kì í ṣe lọ́yà wọ inú ìgbìmọ̀ tí ń yan adájọ́.

Ṣáájú 1940, ìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́ níbẹ̀. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ní ìlú Kansas City, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Tom Pendergast, tí ẹgbẹ́ òṣèlú ìlú náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní 1938 ó fẹ́ yọ Adájọ́ James Douglas kúrò ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, ó fa ẹlòmíràn kalẹ̀. Gómìnà Lloyd Stark dúró gbọn-in lẹ́yìn Douglas, Douglas sì borí. Nígbà tí ó di 1939, Pendergast fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun kò san owó orí òun bí ó ti yẹ, ó sì rí ẹ̀wọ̀n he. Inú ènìyàn dùn sí i pé Douglas borí. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ó ti wá ìbò kiri, ǹjẹ́ kò ti jẹ gbèsè ọpẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ó bá a wá a?

Ní oṣù kọkànlá 1940 ni àwọn ará Missouri dìbò yí òfin náà padà. Fún àwọn ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹni méje kalẹ̀: adájọ́ kan, lọ́yà mẹ́ta tí àwọn lọ́yà dìbò yàn, àti ará ìlú mẹ́ta tí gómìnà yàn. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gómìnà kí ó mú ọ̀kan. Àwọn aṣòfin gbìyànjú láti pa ètò náà rẹ́ ní 1942, àwọn ará ìlú kò gbà.

Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àwọn ará ìlú mẹ́ta yìí ti inú ṣọ́ọ̀ṣì wá: ọmọ ìjọ lásán, ẹni tí kì í ṣe àlùfáà. Èmi ìbá pè wọ́n ní ọ̀gbẹ̀rì. Àwa a máa lé ọ̀gbẹ̀rì jìnnà sí ìdí awo. Missouri fún un ní àga níbẹ̀. Kí ni ó rí tí awo kò rí? Lọ́yà lè mọ ẹni tí ó mọ òfin. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ń jágbe mọ́ tálákà, tí kì í jẹ́ kí ẹlẹ́rìí parí ọ̀rọ̀, ẹni tí ó ti dúró níwájú rẹ̀ rí ni ó mọ̀ ọ́n.

Nílé wa ńkọ́? Ìgbìmọ̀ tí a ní ní 1960, ìwé òfin 1963 pa á rẹ́, yíyan adájọ́ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. Ìwé òfin 1979 dá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ padà. Ti 1999 wá gbé ìgbìmọ̀ àgbà kan kalẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 20, méjì péré ni kì í sì í ṣe lọ́yà. Òfin ní kí àwọn méjì náà jẹ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ kò ní àbààwọ́n, lójú Adájọ́ Àgbà. Èmi tí mò ń kọ́ èdè, “lójú” yìí ni mo dúró lé. Adájọ́ Àgbà ni alága ìgbìmọ̀ náà. Òun náà ni ó ń mú àwọn tí yóò fi ojú ará ìlú wo iṣẹ́ rẹ̀!

Ní England, láti 2006, ẹni tí kì í ṣe adájọ́ tàbí lọ́yà ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n sì ń kéde àyè àwọn ọ̀gbẹ̀rì kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kọ̀wé béèrè. Mo mọ̀ pé ìyálọ́jà kì í sábà kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kù sí mi lọ́wọ́, a ó gbé orúkọ àwọn méjì tiwa jáde nínú ìwé ìròyìn kí wọ́n tó jókòó, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àbààwọ́n wọn lè wí.