Ẹ̀kọ́ àti Ìwé Àṣẹ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì ní Kumasi

Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ni ẹni tí a kọ́, tí òfin sì fún láṣẹ, láti tọ́jú aláìsàn tàbí ẹni tí ó fara pa níbi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti ṣẹ̀ àti nínú ọkọ̀ àńbúláǹsì, kí onítọ̀hún tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní Kumasi, olú ìlú ẹkùn Ashanti ní orílẹ̀-èdè Ghana, iṣẹ́ yìí kò tíì pẹ́ rárá. Ìtàn rẹ̀ jẹ́ ìtàn bí ìtọ́jú ojú ọ̀nà ṣe kúrò ní ọwọ́ awakọ̀ tí àánú nìkan ń darí, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀kọ́, ìdánwò àti ìwé àṣẹ. Ìyípadà náà kò sì tíì parí.

Kumasi ti ní ilé ìwòsàn ńlá kí ó tó ní ẹni tí yóò gbé aláìsàn dé ibẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní àárín àwọn ọdún 1950 ni a ṣí ilé ìwòsàn ìjọba tí a mọ̀ lónìí sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Komfo Anokye, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Gee. A fi orúkọ àwòrò tí ó ran Osei Tutu lọ́wọ́ láti dá ìjọba Asante sílẹ̀ sọ ọ́; nínú ọgbà rẹ̀ sì ni idà wà, tí ìtàn sọ pé àwòrò náà fi gún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fà á yọ. Ní ọdún 1975 ni ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Kwame Nkrumah. Láti ìgbà náà ni dókítà ti ń jáde láti Kumasi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ bá kọlù lójú ọ̀nà kò ní olùgbàlà kan pàtó. Awakọ̀ takisí tàbí ti tro-tro, ìyẹn ọkọ̀ akérò kékeré tí tẹrútọmọ ń wọ̀ ní Ghana, ni ó sábà máa ń gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, tí yóò sì sáré.

Ohun tí àìsí olùgbàlà yìí ń náni hàn nínú ìwádìí kan tí Charles Mock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1998. Wọ́n fi ìlú mẹ́ta wé ara wọn: Kumasi, Monterrey ní Mẹ́síkò, àti Seattle ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fara pa gidigidi, 63 nínú 100 ni ó kú ní Kumasi, 55 ní Monterrey, 35 ní Seattle. Ní Kumasi, 51 nínú 100 kú kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn rárá. Iye náà jẹ́ 40 ní Monterrey àti 21 ní Seattle. Ìpíndọ́gba àkókò tí ó ń kọjá kí a tó gbé ẹni náà dé ilé ìwòsàn jẹ́ ìṣẹ́jú 102 ní Kumasi, 73 ní Monterrey, àti 31 ní Seattle. Àwọn tí ó kú nínú yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì ní Kumasi kò ju 3 nínú 100 lọ, nígbà tí ti Seattle jẹ́ 6. Kì í ṣe pé yàrá ti Kumasi ni ó sàn jù. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọgbẹ́ wọn le jù kò dé ibẹ̀ láàyè.

Seattle kò ṣàdédé dé ipò tí ó wà. Ní nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn dókítà ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn panápaná ní ìtọ́jú ọkàn àti ti ẹ̀mí, nínú ètò tí a ń pè ní Medic One. Ghana kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ṣe ìwádìí náà, nítorí náà àwọn olùwádìí yíjú sí àwọn tí wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Wọ́n fi wákàtí mẹ́fà péré kọ́ awakọ̀ akérò 335 ní ìtọ́jú àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n padà bi 71 nínú wọn léèrè lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, 61 nínú 100 sọ pé àwọn ti ran ẹni tí ó fara pa lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Kí wọ́n tó gba ẹ̀kọ́, 4 nínú 100 ni ó mọ̀ láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ó di 42. Àwọn tí ń la ọ̀nà èémí fún ẹni tí ó fara pa gòkè láti 2 sí 35. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi igi di eegun tí ó ṣẹ́ kò gòkè ju láti 1 sí 16 lọ. Ìwádìí náà, tí ó jáde ní ọdún 2002, fi hàn pé ẹ̀kọ́ kúkúrú lè gba ẹ̀mí là, ó sì tún fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn.

Àjálù kan ni ó mú ìjọba gbé ìgbésẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Asante Kotoko ti Kumasi bá Hearts of Oak pàdé ní pápá ìṣeré ìlú Accra. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, àwọn ènìyàn sì rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà tí a ti pa. Ènìyàn 126 ni ó kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè rí i pé kò sí ètò tí yóò tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú kan náà kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Ní ọdún 2004, Ilé-Iṣẹ́ Ìlera, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn panápaná, dá Iṣẹ́ Àńbúláǹsì ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ 69 ni a fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ náà gbòòrò, ó di dandan kí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹkùn Ashanti ni a gbé e sí, ní Nkenkaasu, ìlú kan ní Offinso North, lójú ọ̀nà tí ó ti Kumasi lọ sí Techiman. Orúkọ rẹ̀ ni Paramedic and Emergency Care Training School. Ní Kumasi fúnra rẹ̀, ibùdó ìtọ́jú ìjàǹbá àti pàjáwìrì ti Komfo Anokye ṣí ní ọdún 2009. Ọdún náà ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn dókítà onímọ̀ pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìrànwọ́ Yunifásítì Michigan, àwọn àkọ́kọ́ sì parí ní ọdún 2012. Ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pàjáwìrì náà tẹ̀ lé e. Báyìí ni ẹni tí ó wà nínú àńbúláǹsì ṣe rí ẹni tí òun yóò fa aláìsàn lé lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Òfin ni ó ń sọ ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́. Òfin 857 ti ọdún 2013 fún Allied Health Professions Council, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlera yàtọ̀ sí ti dókítà àti nọ́ọ̀sì, lágbára láti forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, láti ṣe ìdánwò àṣẹ, àti láti tún ìwé àṣẹ ṣe lọ́dọọdún. Òfin mìíràn ní ọdún 2020 sọ Iṣẹ́ Àńbúláǹsì fúnra rẹ̀ di àjọ tí òfin mọ̀. Àǹfààní ìwé àṣẹ ni pé ó fi ààlà sí iṣẹ́. Ẹni tí ó wà ní ìpele ìpìlẹ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ó di eegun, kí ó fún ènìyàn ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, kí ó sì tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń fi abẹ́rẹ́ iṣan àti oògùn lé lọ́wọ́. Bí ọwọ́ bá sì ṣi iṣẹ́, ibi tí a ó ti bi í léèrè wà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2020, Ààrẹ Nana Akufo-Addo fa àńbúláǹsì tuntun 307 kalẹ̀ ní Accra, kí ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Ọkọ̀ pọ̀ sí i, a sì lè pè wọ́n lórí 112 tàbí 193. Síbẹ̀, ní Kumasi títí di òní, àwọn tí takisí ń gbé dé ẹnu ọ̀nà Gee kò tíì tán. Ìlú Èkó, tí ó dá iṣẹ́ àńbúláǹsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2001, mọ irú ìṣòro yìí pẹ̀lú: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò mọ ọkọ̀ ìjọba yàtọ̀, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá ni ó ń gbé ni. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ kò sọ ẹ̀kọ́ oníwákàtí mẹ́fà ti àwọn awakọ̀ di ohun àtijọ́. Níwọ̀n ìgbà tí awakọ̀ bá ṣì ń dé ibi ìjàǹbá ṣáájú àńbúláǹsì, ẹni tí ó fara pa nílò àwọn méjèèjì: awakọ̀ tí yóò dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró, àti òṣìṣẹ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ náà.