Ta Ni Ó Ni Àjẹkù? Ọmọdé àti Ìtọ́jú Oúnjẹ ní Ìgbà Ogun

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, ‘Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.’ Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òwe yìí sí ìkìlọ̀ fún wọ̀bìà nìkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó fínnífínní yóò rí ètò ilé nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù nínú àwo bàbá kì í ṣe pàǹtí. Ìpín ọmọ ni. Èèpo iṣu, ti ewúrẹ́ ni. Iṣu tí kò ní pẹ́ kí ó tó bàjẹ́ ni a ń bọ̀, tí a ń sá di gbodo, tí a sì ń lọ̀ di èlùbọ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù fún ọmọ nípa òfò. Èrò mi ni pé oúnjẹ kì í di òfò àfi ìgbà tí àjẹkù kò bá ní ẹni tí ó ni ín mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn wádìí ọ̀rọ̀ yìí wò.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gba orí òkun wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ ẹrù wọn, ìjọba fi ìwọ̀n sí oúnjẹ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tà, ṣúgà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ẹran yòókù àti tíì tẹ̀lé e ní ọdún kan náà. Àtọmọdé àtàgbà ni ó ní ìwé tí ó fi ń gba ìpín tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, òfin sọ fífi oúnjẹ ṣòfò di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ gbé ènìyàn lọ sí ilé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè jókòó ti àwo ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lord Woolton, tí ó jẹ́ Mínísítà Oúnjẹ láti 1940 sí 1943, mọ èyí. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán apanilẹ́rìn-ín jáde, Potato Pete àti Doctor Carrot, kí ọmọ lè fẹ́ràn ohun tí ilẹ̀ wọn ń hù. Orí rédíò ni a ti ń kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń fi àjẹkù àná se ọbẹ̀ òní. A gbé agolo ńlá sí ìgboro, kí èèpo àti ìdọ̀tí ilé ìdáná lè di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbin ewébẹ̀. Ẹni tí ó sì ti pọn omi sí kárọ́ọ̀tì kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nígbà tí súìtì pàápàá di ohun ìwọ̀n ní oṣù Keje 1942, ọmọdé ní láti ṣọ́ ìpín tirẹ̀ ná. Ọjọ́ 4 oṣù Keje 1954 ni ètò ìwọ̀n náà tó parí pátápátá.

Ogun kan náà dé Èkó. Láti 1941, ìjọba amúnisìn, lábẹ́ ètò tí a fi orúkọ A. P. Pullen pè, fẹ́ máa fi àṣẹ dá iye owó gààrì àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Alimọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà kó àwọn obìnrin ọjà sòdí, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìtọ́jú oúnjẹ. Wọ́n kọ̀ kí ẹni tí kò bá wọn ru ẹrù wá máa pàṣẹ lé e lórí. Àṣẹ tí kò bá fi ti olóunjẹ ṣe kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀, yálà ní ọjà tàbí ní ìdí àwo ọmọ.

Lónìí, a ń bu ìrẹsì kún àwo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ń da ìdajì rẹ̀ nù, a sì ń bá ọmọ wí. Èmi kò sọ pé kí a padà sí ìgbà tí eegun nìkan ń kan ọmọ. Ètò yẹn ní àbùkù tirẹ̀, nítorí ara tí ń dàgbà nílò oúnjẹ aṣaralóore. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a bu díẹ̀, kí ọmọ sì béèrè sí i. Kí ó bá wa wọn ìrẹsì kí a tó gbé e kaná. Kí gbogbo ilé sì mọ ẹni tí yóò jẹ ohun tí ó bá kù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan ní kíláàsì yín: nínú ilé yín, ta ni ó ni àjẹkù?