Ọmọ mi ní wárápá: ṣé kí n gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀?

 

Lẹ́yìn ètò kan tí a ṣe lórí wárápá, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé rédíò. Kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, kí àwọn ará àdúgbò má baà dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì wa, ọmọ mi ní wárápá. Zémidjan ló ń ṣe. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ méjì. Ṣé kí n gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí kí n dákẹ́?”

Ẹ̀yin ìyá mi, ìbéèrè yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn dókítà àti àwọn aṣòfin ti ń bá a yí fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀, ká tó padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn.

Àìsàn ọpọlọ ni

Nǹkan bí 2400 ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Gíríìsì, àìsàn mímọ́ ni wọ́n ń pe wárápá. Wọ́n ní òrìṣà ló ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ìwé kan lára àwọn ìwé ìṣègùn Hippocrates ló sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé inú ọpọlọ ni àìsàn náà ti ń wá bí àìsàn mìíràn ṣe ń wá láti ibòmíràn nínú ara. Ó pẹ́ kí ayé tó gbà. Ní ọdún 1929, dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, fi han gbogbo ayé pé iná kékeré kan ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ó sì ṣeé yà sórí ìwé. Nígbà tí iná yẹn bá ru sódì lójijì, wárápá dé nìyẹn.

Ẹlòmíràn á ṣubú, ara á gbọ̀n, ẹnu á hó. Ẹlòmíràn kò ní ṣubú rárá: á kàn dákẹ́, á tẹjú mọ́ ibì kan, a ó máa pè é, kò ní gbọ́. Èyí tó dákẹ́ yìí léwu lójú títì, torí ẹni tó gbé lẹ́yìn kò ní mọ̀. Alùpùpù tó bá ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan á ti rìn ju mítà 130 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ ronú ọ̀nà ọjà wa, ẹ wo ohun tó lè wà láàárín mítà 130.

Kò ràn o. Itọ́ kì í kó o, ìfòófòó ẹnu kì í kó o. Ó lè wá láti ara ìbímọ tó le, tí ọmọ kò tètè ké. Láti ara ibà tó wọ ọpọlọ. Láti ara kòkòrò inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná àti ìdọ̀tí tó ń tàn án ká. Tàbí láti ara orí tó fara gbá nínú ìjàǹbá. Ẹni tó ṣubú lórí alùpùpù láìdé kásìkì lè ti ibẹ̀ kó wárápá wálé.

Nígbà tí ọkọ̀ dé ayé

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì pọ̀ láyé rárá tí àwọn dókítà ti ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1906, dókítà ará Jámánì kan, Thalwitzer, ti kọ̀wé nípa wárápá àti ìwakọ̀. Nígbà tó di 1930, òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá ní wárápá kò gbọdọ̀ gba ìwé ìwakọ̀. Wọn kò béèrè bóyá ó ń ṣubú lójoojúmọ́ tàbí pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí rẹ̀. Orúkọ àìsàn náà nìkan ti tó láti fi tì í sẹ́yìn.

Kí ni àwọn ènìyàn wá ṣe? Wọ́n fi pamọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun á pàdánù iṣẹ́ tí òun bá sọ òótọ́, ṣé ó máa sọ ọ́?

Àmọ́ oògùn ń bọ̀. Ní ọdún 1912, Alfred Hauptmann ní Jámánì rí i pé phénobarbital, èyí tí a mọ̀ sí Gardénal nílé oògùn wa, ń dá wárápá dúró. Ní 1938, Merritt àti Putnam ní Amẹ́ríkà fi phénytoïne kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti ń ṣubú tẹ́lẹ̀ kò ṣubú mọ́. Ìyẹn ló yí òfin padà. Ní 1949, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tí oògùn bá ti kápá wárápá rẹ̀ ní ìwé ìwakọ̀. Ní 1970, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yọ̀ǹda fún ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́ta láì rí i lójú mọ́mọ́. Lónìí, ọdún kan ni wọ́n ń kà fún ọkọ̀ kékeré àti alùpùpù. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fẹnu kò lórí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2009, Faransé sì wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: ẹni tó bá fẹ́ wa bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ní kó kà láì rí i, láì sì lo oògùn rẹ̀. Ẹ̀mí ẹlòmíràn ló gbé dání, ìdí nìyẹn.

Ẹ wo bí òfin ṣe yí. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń béèrè pé, “Ṣé o ní wárápá?” Nísinsìnyí, wọ́n ń béèrè pé, “Ìgbà wo ló ṣe ọ́ kẹ́yìn?” Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Lọ́dọ̀ tiwa

Ní Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológere ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbé èrò kí alùpùpù tó gba ipò rẹ̀. Lápá ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn báǹkì ìjọba wó lulẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ò rí owó oṣù gbà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì bọ́ sórí alùpùpù. Zémidjan, ní èdè Fọn, gbé mi kíákíá ló túmọ̀ sí. Tí ẹ bá gba Igolo kọjá sí Ìdí-Ìrókò, ọ̀kadà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, láti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air. Epo kpayo tó ń ti Nàìjíríà wọlé ló sì mú kí iṣẹ́ náà rọrùn fún àwọn ọmọ wa. Ẹni tó bá ti rí alùpùpù ti rí iṣẹ́. Ta ló ń bi í bóyá ó máa ń dákú?

Bẹ́ẹ̀, wárápá wà láàárín wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ará Ìgbò-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, wò. Ní 1987 wọ́n kéde pé nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1000 ló ní in. Ní Zinvié, nítòsí Abomey-Calavi, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000 rí i pé ó ju 15 lọ nínú 1000. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bíi 50 mílíọ̀nù ló ní in láyé, àti pé nínú mẹ́wàá wọn, méje lè gbé láì rí i mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, púpọ̀ nínú wọn kò rí ìtọ́jú náà gbà, bẹ́ẹ̀ phénobarbital kò wọ́n.

Ohun tí mo sọ fún ìyá yẹn

Mo ní, “Ìyá mi, ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ náà tipátipá, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ mú un wá.”

Wọ́n jọ wá. Ọmọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé ọjọ́ tó bá ṣubú nìkan lòun ń lo oògùn, pé ẹyọ méjì mẹ́ta lòun ń rà nínú ọjà. Ó ń gbé èrò títí di òru, á mu sódabì díẹ̀ kó tó sùn. Ẹ̀yin ìyá mi, àìsùn àti ọtí ń pe wárápá wá. Oògùn yìí, ojoojúmọ́ ni. Tí ènìyàn bá dá a dúró lójijì, wárápá lè dé léraléra láì dáwọ́ dúró, ó sì lè pa ènìyàn. Ó tún máa ń kun ènìyàn lóorun níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà dókítà ló gbọdọ̀ wọn ìwọ̀n rẹ̀.

Mo sọ fún un pé kó sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù báyìí, kó sì máa ka oṣù. Tó bá pé ọdún kan láì rí i, kí òun àti dókítà jókòó sọ̀rọ̀ nípa gígùn ún fún ara rẹ̀. Gbígbé èrò, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Kí ni àwọn ọmọ mi á jẹ?”

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní kó gbé alùpùpù náà fún ọmọ àbúrò òun, kó máa san owó ojúmọ́ fún un, kí òun náà sì máa ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ òun lọ́jà. Mo ní ó dára. Mo sì kìlọ̀ pé kó má ta epo kpayo, kó má gun ọ̀pẹ, kó má sì dúró nìkan nídìí iná tàbí kànga.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ẹni tó ṣubú, ẹ mú nǹkan tó lè ṣe é léṣe kúrò, ẹ fi aṣọ tẹ́ orí rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ sì má lé ọmọ yín jáde nítorí wárápá, torí ẹni tí wọ́n bá lé ló ń fi pamọ́, ẹni tó bá sì ń fi pamọ́ lẹ ó gùn lẹ́yìn rẹ̀ láìmọ̀.

Ìyá yẹn ṣì máa ń kí mi lọ́jà. Nígbà tí mo béèrè ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn, ó na ìka méje sókè. Oṣù méje, kò tíì ṣubú.