Èdídí Ìgò: Ọnà Kékeré Tí Kò Yẹ Kó Parun Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Irú ìwé ìrántí báyìí a máa kún fún àwòrán àwọn gbajúmọ̀ àti orúkọ àwọn tó dáwó. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe oore ló yẹ ká kí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda ojú ewé díẹ̀ fún wa kí a fi sọ ìtàn ohun kékeré kan tó máa ń wà lórí tábìlì wa nígbà ọdún, tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Ohun náà ni èdídí ìgò.

Kí ìgò tó wọ ilẹ̀ wa, agbè, ahá àti àdó ni àwọn baba wa ń lò. Inú agbè ni ẹmu ń gbé, inú àdó ni oògùn ń gbé. Ẹnu wọn kò sì gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹlòmíràn a fi ṣùkù àgbàdo dí i, ẹlòmíràn a fi ewé tàbí àkísà dí i, ẹni tó bá sì fẹ́ kó pẹ́ a gbẹ́ igi sí i lẹ́nu. Nínú “dí” ni a ti rí èdídí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Bíbélì Yorùbá fi ń pe àmì tí ọba ń tẹ̀ sára ìwé. Èyí fi yé wa pé ohun tí a bá fi èdídí dí, ohun tó níye lórí ni.

Àwa nìkan kọ́ ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Tanzania ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, àwọn ẹ̀yà bíi Zaramo àti Kwere máa ń gbẹ́ orí ènìyàn sórí èdídí àdó oògùn wọn. Ẹni tó bá rí àdó bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn. Igi kékeré náà ló ń dí ẹnu àdó, òun náà ló ń ṣọ́ ọ.

Ní ti ọnà igi, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ Yorùbá nínú wa. Ẹni tó ń jẹ́ Ọnàbánjọ tàbí Ọnàfowókàn láàárín wa níhìn-ín, orúkọ rẹ̀ ń sọ ohun tí wọ́n mọ̀ ní ilé baba rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, nígbà tí àáké yóò gé igi títí a ó fi rí ibi tí orí wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà. Èkejì ni àlétúnlé, nígbà tí ojú, etí àti ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ̀kẹta ni dídán, nígbà tí ọ̀bẹ yóò mú gbogbo ara igi jọ̀lọ̀. Ìkẹrin ni fínfín, nígbà tí a ó fín irun, ìlà ojú àti iṣẹ́ ara aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbáà ṣe òpó ààfin ló ń gbẹ́, ìbáà ṣe ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ.

Níbo ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ńláńlá wọ̀nyí wà lónìí? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní London, ní 1924. Kò padà wálé mọ́. Wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dí ipò rẹ̀ fún Ògògà, ilẹ̀kùn sì di ti British Museum.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbà wá lálejò ní ìpínlẹ̀ yìí. Àwọn ará Kálàbárì ní ère ìrántí àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní duein fubara. Iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ ni, igi tí wọ́n gbẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n wá tò pọ̀. Ní nǹkan bí 1915 sí 1916, àwọn ọmọlẹ́yìn wòlíì Garrick Braide ń ba ère jẹ́ káàkiri. Ní 1916 ni P. A. Talbot, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, kó díẹ̀ nínú duein fubara lọ sí British Museum kan náà. Ọdún 1916 yìí ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èédú ilẹ̀ láti Enugu wá sí èbúté Port Harcourt, ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ ní 1913. Bí ọ̀nà ṣe ń là fún ajé láti wọlé ni ọnà ń jáde.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé gbogbo rẹ̀ ló lọ. Iṣẹ́ ńlá di ti ilé àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré gbé ọnà ró. Nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ ère fún òrìṣà dínkù, àwọn kan wá oníbàárà tuntun. Thomas Ọ̀nà Odùlátẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbẹ́ àwọn ère kéékèèké tó fi hàn bí ayé ṣe rí lójú rẹ̀: ajẹ́lẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú akẹtẹ̀ rẹ̀, lọ́yà, àlùfáà, ọba Yorùbá, àní Ọbabìnrin Victoria pàápàá. Tàdáwà pupa àti dúdú àti póòlíṣì bàtà funfun ló fi ń kùn wọ́n. Àwọn òyìnbó ń rà á lọ sí ìlú wọn. Àwọn kan rò pé ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n òun sọ pé ohun tí ojú òun rí ni òun ń gbẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Justus Akérédolú ará Ọ̀wọ̀, tí wọ́n bí ní 1915. Ní àwọn ọdún 1930, ó wo ẹ̀gún ńlá tó máa ń hù lára igi bí àràbà, ó rí i pé ó rọ̀ fún ọ̀bẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbẹ́ ènìyàn tí kò ga ju ìka lọ: ìyá tó pọnmọ, ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ, àwọn tó ń ta ayò. Kò sí ẹni tó gbẹ́ ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn, iṣẹ́ ọ̀hún sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi jẹun. Ẹ̀gún tí àgbẹ̀ ń sá fún ló sọ di owó.

Ọdún Kérésìmesì náà ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, àti ẹnì kejì rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, gbẹ́nà níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ère ìbí Jésù fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn amòye tó wá láti ìlà-oòrùn sì di ọba Yorùbá. Lábẹ́ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún ti tún iṣẹ́ kọ́. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n sì ti bí i. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àjọ UNESCO sì bu ọlá fún un ní 2006 kó tó kú ní 2009. Ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ kò ju ọdún méje lọ kó tó kógbá sílé ní 1954, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ tàn káàkiri.

Ẹni tó bá ṣì rò pé ohun kékeré kò lè gbé ìlú ró, kó wo àfonífojì Gardena ní ilẹ̀ Ítálì. Àgbẹ̀ orí òkè ni wọ́n. Nígbà òtútù, tí yìnyín bo oko, wọn a jókòó sílé wọn a máa gbẹ́ igi, láti ìgbà ọdún 1600 sí 1700. Ní 1912, Anton Riffeser dá ilé iṣẹ́ ANRI sílẹ̀ níbẹ̀. Ère ìbí Jésù àti èdídí ìgò tó ní orí ènìyàn wà lára ohun tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Àwọn ènìyàn ń rà á tọrẹ fún ara wọn nígbà ọdún, ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Igi tí kò kún ọwọ́ ló gbé orúkọ àfonífojì náà dé òkèèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Ọmọ wa tí a bí sí Diobu tàbí Trans-Amadi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ èdè ìgboro, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ohun tí ọnà lílé jẹ́. Tí ọdún bá dé, ike láti ilẹ̀ òkèèrè ni a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ilé tí à ń sọ yìí kì í ṣe òrùlé nìkan. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ ọ́n ṣe náà ni ilé.

Èdídí ìgò rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀. Kò gba igi ńlá. Àjákù ìrókò tàbí apá láti ilé káfíńtà tó, bí ó bá ti gbẹ dáadáa. Kí ọmọ mú èyí tó gùn tó ìka mẹ́ta ní ìbú, kí ojú igi náà sì gba òró lọ, kó má bàa là. Apá ìsàlẹ̀ ni yóò wọ ẹnu ìgò: kó gùn tó ínṣì kan àbọ̀, kí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín ju òkè lọ díẹ̀, kí a sì máa dán an wò lẹ́nu ìgò bí a ṣe ń há a. Apá òkè ni ọnà wà: orí tó dé fìlà, ìyá tó wé gèlè, ẹyẹ, ẹja, tàbí ìlù gángan. Kí ó tẹ̀ lé ìlànà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kà sókè. A kì í kun ọ̀dà sí ibi tó ń wọ inú ìgò. Kí ọ̀bẹ máa lọ síwájú, kó má kọjú sí ara, kí àgbàlagbà kan sì jókòó ti ọmọ. Kò di dandan kí ìgò jẹ́ ti ọtí. Ìgò oyin àti ìgò òróró náà ń fẹ́ èdídí, nítorí náà ọdún Kérésìmesì ni o, Iléyá ni o, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ wa sí ni pé, nínú owó tí Ọlọ́run bá fi ta wá lọ́rẹ lónìí, kí a yọ díẹ̀ ra ọ̀bẹ àti igi, kí a wá agbẹ́gilére kan tó mọṣẹ́, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ wa nígbà ìsinmi ọdún. Kí a pe ọmọ àwọn onílé wa náà sí i, nítorí àwọn baba tiwọn náà gbẹ́ igi. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí èdídí ìgò orí tábìlì àgbà ní àpéjọ wa jẹ́ èyí tí ọmọ wa gbẹ́. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ti lọ sí London. Ọwọ́ tó lè gbẹ́ òmíràn ṣì wà lára ọmọ wa.

Ẹ kú ọdún o. Ọ̀pọ̀ ọdún la ó ṣe láyé, ọnà baba wa kò ní parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.