Kúkì Kì Í Ṣe Ọmọ Àṣìṣe: Ìtàn Oats, Ṣokoléètì àti Àwọn Tó Ṣiṣẹ́ Wọn

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn ló wà nínú rẹ̀. Kúkì tí wọ́n fi oats àti ṣokoléètì ṣe ti di ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń yan nílé. Ẹni tó bá sì wá ìdí rẹ̀ kò ní pẹ́ bá ìtàn kan pàdé: wọ́n ní obìnrin Amẹ́ríkà kan ń ṣe kúkì lọ́jọ́ kan, ṣokoléètì tó máa ń lò tán, ó bá gé oríṣi mìíràn sí wẹ́wẹ́, ó rò pé yóò yọ́ mọ́ fùláwà. Kò yọ́ bó ṣe rò. Báyìí ni wọ́n ní kúkì oníṣokoléètì ṣe dáyé.

Ìtàn náà dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé bí a bá gbọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu, ká béèrè ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó jèrè rẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kúkì yìí kì í ṣe ọmọ àṣìṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, àwọn obìnrin inú ilé ìdáná àti àwọn àgbẹ̀ inú oko. Ìtàn "ó kàn ṣèèṣì" ló ń gba orúkọ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Oats: láti ẹnu ẹṣin dé inú ìwé ìdáná

Ọkà ilẹ̀ olótùútù ni oats. Ní Scotland, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ro ẹ̀kọ gbígbóná, tí wọ́n sì ń fi ṣe àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan lórí irin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó múlé tì wọ́n, oúnjẹ ẹṣin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Samuel Johnson tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà pẹ̀gàn àwọn ará Scotland nínú ìwé atúmọ̀ èdè tó gbé jáde ní 1755. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà fún ìgbà pípẹ́. Ará Jámánì kan tó ṣí lọ sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, Ferdinand Schumacher, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń lọ oats fún títà fún ènìyàn jẹ níbẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1850. Ní 1877 ni wọ́n fi orúkọ Quaker sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi ooru omi rọ hóró ọkà náà, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, oats di ohun tó ń tètè jinná, tó sì rọrùn láti pò mọ́ nǹkan mìíràn.

Ní 1896, Fannie Farmer tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìdáná kan ní Boston fi bí wọ́n ṣe ń ṣe kúkì oloats sínú ìwé rẹ̀. Obìnrin yìí ló jẹ́ kó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa fi ife àti ṣíbí tó kún dọ́gba wọn nǹkan ìdáná. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Kí ìwé rẹ̀ tó jáde, "bù ú díẹ̀" àti "fi sí i bó bá ṣe tọ́" ló pọ̀ nínú ìwé ìdáná, bí ìyá wa ṣe ń sọ fún wa títí dòní. Òṣùwọ̀n ló jẹ́ kí ẹni tí kò bá ìyá rẹ̀ dúró nídìí ààrò lè ka ìwé kó sì ṣe é.

Obìnrin tí wọ́n ní ó ṣèèṣì

Obìnrin inú ìtàn àṣìṣe yẹn lórúkọ: Ruth Graves Wakefield. Ní 1924, ó jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Framingham, ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ. Iṣẹ́ onímọ̀ oúnjẹ aṣaralóore ló ṣe, ó sì tún ń dá àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí oúnjẹ. Ní 1930, òun àti ọkọ rẹ̀, Kenneth, ra ilé kan ní ìlú Whitman, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìgbàlejò àti ilé oúnjẹ, wọ́n pè é ní Toll House Inn. Ó kọ ìwé ìdáná tí wọ́n tún tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ẹ̀dà ti 1938 ni kúkì oníṣokoléètì náà ti jáde.

Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ ohun tí ṣokoléètì ń ṣe nínú iná? Nígbà tó dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé kúkì mìíràn làwọn ti ń fún àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, òun sì ń wá ohun tó yàtọ̀. Kò dá nìkan ṣe é náà. Sue Brides, tó ń yan nǹkan níbẹ̀, bá a lọ́wọ́ sí i. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Gbogbo wa la mọ dòdò Ìkirè. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa rẹ̀ jọ èyí bí ìbejì: wọ́n ní ìyá kan ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, kò fẹ́ dà á nù, ló bá fi ata sí i, ló dín in. Ìyá yẹn kò lórúkọ nínú ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ ìwọ̀n ata, tó mọ bí epo ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, tó mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ rírò dúró, ọgbọ́n ló lò. Bí obìnrin bá ṣe nǹkan ní ilé ìdáná, wọ́n á ní orí ló ṣe é. Bí ọkùnrin bá ṣe é ní ilé ẹ̀rọ, wọ́n á ní ọpọlọ ni.

Ní 1939, Wakefield gbà kí ilé iṣẹ́ Nestlé máa tẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe kúkì rẹ̀ sára ọjà wọn. Láìpẹ́, wọ́n ń ta ṣokoléètì wóróbo nínú àpò kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi ọ̀bẹ gé e mọ́. Kúkì náà wọ ilé gbogbo. Ẹni tó sì ti ní kúkì oloats tí wọ́n ń fi èso àjàrà gbígbẹ sí nínú ìwé rẹ̀ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe: kó yọ àjàrà, kó fi ṣokoléètì dípò. Ní 1997, ìpínlẹ̀ Massachusetts fi òfin sọ kúkì oníṣokoléètì di kúkì ìpínlẹ̀ wọn.

Kókó ọ̀rọ̀ wa, kòkó ni

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò sí ṣokoléètì láìsí kòkó, kò sì sí bí a ṣe máa sọ ìtàn kòkó láìdé ilẹ̀ wa. Ní nǹkan bí 1880, James Pinson Labulo Davies, ọkọ Sarah Forbes Bonetta, dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọn, nítòsí Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ Agége di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ kòkó. Àwọn lébìrà tó wá láti Èkìtì àti àwọn ilẹ̀ Yorùbá mìíràn wá ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, èso kòkó àti ìmọ̀ rẹ̀ bá wọn lọ. Orúkọ Davies àti Coker wà nínú ìwé. Ti àwọn lébìrà yẹn kò sí níbẹ̀.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ẹgbẹ́ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ sábà máa ń kéré sí iye tó ń lọ lọ́jà àgbáyé, wọ́n sì ń fi èrè tó kù ṣe iṣẹ́ ìlú. Owó yìí wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 dúró. Ilé Kòkó alájà 26 ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, parí ní 1965. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn jù, wọ́n dìde ní 1968 àti 1969 lábẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà, Tàfá Adéoyè wà níwájú wọn, títí ìjọba fi dín owó orí náà kù. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí bàbá àgbà rẹ̀ ka ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn àgbẹ̀ kan ló gùn débẹ̀.

Bí a ṣe ń yan án

Ṣokoléètì wóróbo inú àpò wọ́n lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Nítorí náà, ohun tí Wakefield ṣe là ń ṣe: à ń fi ọ̀bẹ gé ṣokoléètì olódidi.

Ẹ po bọ́tà gíráàmù 115 pọ̀ mọ́ ṣúgà gíráàmù 150 títí yóò fi fúyẹ́. Tí ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, kúkì á rọ̀ lẹ́nu. Ẹ fọ́ ẹyin kan sí i. Ẹ da fùláwà gíráàmù 95, ààbọ̀ ṣíbí tíì baking soda àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà oats gíráàmù 130 àti ṣokoléètì gíráàmù 150. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí oats lè mu omi inú rẹ̀. Ẹ bù ú sórí páànù, ẹ yan án ní 180°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Bí kò bá sí ófùnù, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ gbé páànù lé e, ẹ dé e pa. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìkòkò kò ní òṣùwọ̀n. Ṣokoléètì yóò rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yí i ká kò ní jẹ́ kó ṣàn lọ. Wakefield mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Nílé yín, ẹnìkan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dá yàtọ̀ nídìí mọ́ínmọ́ín, àdàlú tàbí kókóró. Ẹ bi í bó ṣe ń ṣe é, ẹ wọn ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Yorùbá, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sókè ìwé náà kó tó pẹ́ jù. Bí a kò bá kọ ọ́, lọ́jọ́ iwájú wọn á ní ó kàn ṣèèṣì ni.