Ẹ̀rín Inú Eré Amóhùnmáwòrán Àtijọ́

Ìbàdàn ni amóhùnmáwòrán ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí wọ́n ṣí WNTV. Ibẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ti di Bàbá Sàlá tí tọmọdé tàgbà mọ̀: awò ojú ràgàjì tí kò ní dígí, táì labalábá tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, aago ńlá. Kó tó lanu lẹ́rìn-ín ti ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n aláwàdà ni, ẹ̀rín la sì bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣòro jù, lójú tèmi, ni kí eré tí kì í ṣe ti àwàdà pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí The Village Headmaster ṣe nìyẹn. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá a sílẹ̀. Orí rédíò ló ti kọ́kọ́ wà kó tó bọ́ sórí amóhùnmáwòrán l'Ékòó ní 1968, ó sì ń bá a lọ títí di 1988. Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri ló ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tẹ̀lé ara wọn, àmọ́ ààfin gan-an lẹ̀rín wà. Dèjúmọ̀ Lewis á jókòó gẹ́gẹ́ bí Kábíyèsí Ọlọ́jà, ojú le koko, ọ̀rọ̀ ìlú wà nílẹ̀. Olóyè Ẹlẹ́yinmi, ìyẹn Fúnṣọ́ Adéolú, á sì sọ tiẹ̀ sí i bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń ká lára gidigidi. Kò ṣẹ́jú, kò rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń wò ó là ń dìmú.

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ṣeré náà, torí gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kálukú ló ní òyìnbó tiẹ̀. Ti ọ̀gá ilé-ìwé ti inú ìwé wá. Ti Bassey Okon, tí Jab Adu ṣe, gba Calabar kọjá. Ìbídùn Allison ló ṣe Àmẹ́bọ̀, olófòófó ìlú. Títí dòní, ẹni tí kò wo eré náà rí ń fi orúkọ Àmẹ́bọ̀ bú aládùúgbò.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni James Iroha gbé eré Masquerade dìde ní Enugu. Chika Okpala, tó ṣe Zebrudaya, fọ́ òyìnbó yángá. Claude Eke, ọmọ Ìgbò, sì jẹ́ Jẹ́gẹ́dẹ́ Ṣókòyà. Ẹni tó mọ ohun tí ogun náà ṣe láàárín ẹ̀yà á mọ̀ pé orúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Eré Samanja ní tiẹ̀ wá láti Kàdúná. Ọmọ ogun gidi ni Usman Baba Pategi tó ṣe é, bárékè ló sì fi ṣẹ̀fẹ̀, ní sáà tí sójà ń ṣèjọba. Aráàlú tí kò gbọdọ̀ fi sójà rẹ́rìn-ín lójú títì ń rí i fi rẹ́rìn-ín ní pálọ̀ tiẹ̀.